Àrẹ̀mọ Tó Ń Jẹ Èèpo Ẹ̀gẹ́

"Ìwé mẹ́tàdínlógójì ni mo kà láàárọ̀ yìí kí n tó fọ eyín," ni Akíntúndé wí, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé gbòǹgbò igi fúrúùtù tó wà lẹ́yìn kíláàsì wọn. "Èyí tó kẹ́yìn ni mo kà kíákíá jù. Bí mo ṣe ń ṣí ojú ewé rẹ̀ wàràwàrà, ó dá atẹ́gùn sílẹ̀. Atẹ́gùn yẹn ló ká páànù ilé ìyá àgbà wa. Ẹ lọ wò ó bí ẹ ò bá gbà mí gbọ́. Páànù méjì ṣì wà lórí igi kòkó kan ní ọ̀nà Ọ̀tan."

Jóṣúà ọ̀rẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Akín, páànù ilé yín ti ká láti ìgbà tí a wà ní jẹ́lé-ó-sinmi."

"Ìgbà yẹn gan-an ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé!"

Ká má purọ́ mọ́ ẹni tó ń purọ́: Akíntúndé kì í ṣe olódo. Orí rẹ̀ pé, ẹnu rẹ̀ sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tó lè ta òjò fún ẹni tí omi ń gbé lọ. Ṣùgbọ́n ìwé tó kà kẹ́yìn ni ìṣirò ìlọ́po tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn ìwé tí wọ́n fi ń kọ iṣẹ́, ìdí ìlọ́po méje ló sì ti sùn lọ. Ọmọ SS2 ni báyìí. Kò tíì padà síbẹ̀ láti lọ wo ìlọ́po mẹ́jọ.

Káàdì kan ṣoṣo ló fa gbogbo ariwo ìwé kíkà tó ń pa kiri yìí, káàdì ilé ìkàwé ìlú. Ẹni tó sì fẹ́ fa káàdì náà lé ọmọ kan lọ́wọ́ ni Tíṣà Adébóyè, ẹni tó ń kọ́ wọn ní èdè Yorùbá.

Tíṣà Adébóyè kì í ṣe ahun. Ó máa ń fúnni. Ohun tí kò jẹ́ ṣe ni kó ra ohun tó bá ti wà lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ní bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹn, ọ̀kan lára àwọn tó tẹ ìlú Ìlá dó ló wọ̀ ọ́ rìn wá láti Ilé-Ifẹ̀, tíṣà kàn pààrọ̀ okùn rẹ̀ ni. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń ka ìwé ìròyìn lójoojúmọ́, kò ra ẹyọ kan rí. Bí Sátidé bá ti mọ́, kí Àǹtí Bernice tó ń bójú tó ilé ìkàwé tó rí kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì rẹ̀, tíṣà ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Káàdì rẹ̀ gba ìwé mẹ́rin fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bó bá ti kà wọ́n tán, á yá àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ní ọjọ́ méjì méjì, kó tó kó wọn padà.

"Ìwé tí ìlú ti rà kalẹ̀," a máa wí, "ẹni tó bá tún lọ fowó rà á, omi òjò ló rà yẹn."

Kí ìwé onílùú má baà dọ̀tí lọ́wọ́ àwọn ọmọ, ewé kàlẹ́ńdà àtijọ́ ló fi ń bò wọ́n. Àwòrán á wà nínú, funfun á wà lóde. Kàlẹ́ńdà náà kò sì ṣe é sọ nù. Bó bá dá ìwé kan padà, á bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn rẹ̀, á fi wọ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yá, bí ìyá ṣe ń fi ẹ̀wù ẹ̀gbọ́n wọ àbúrò.

Lọ́dún yìí ni wọ́n sọ ní ilé ìkàwé pé ọmọ girama náà lè ní káàdì tirẹ̀, bí àgbàlagbà tó ní káàdì bá lè dúró fún un. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà kan, ọmọ kan, ọdún kan. Ọmọ méje kọ orúkọ fún tíṣà. Ó fún wọn ní ìwé, ó ní kí kálukú wá sọ ohun tó kà níwájú Àǹtí Bernice. Márùn-ún ti sọ tiwọn, wọ́n ti ṣubú. Ó ku Akíntúndé, ó ku Fádùnní. Àwọn méjèèjì yìí ni tíṣà fẹ́ fún ní ìwé kan náà: Fádùnní yóò mú un lọ́jọ́ Ajé, Akíntúndé yóò gbà á lọ́jọ́rú, wọn yóò jọ wá sọ̀rọ̀ ní ọ̀sán Jímọ̀.

Káàdì kan náà ni, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe yàtọ̀. Abúlé kan lọ́nà Òkè-Ìlá ni ilé Fádùnní. Àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ ń sin ewúrẹ́, gbogbo ìwé tó wà nínú ilé wọn kò ju ìwé orin ìyá rẹ̀ lọ. Ìdánwò àṣekágbá ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, kò sì sí ọ̀kankan lọ́wọ́ rẹ̀ nínú àwọn ìwé tí wọ́n ní kí wọ́n kà. Gbogbo wọn wà lórí pẹpẹ Àǹtí Bernice. Bí káàdì yìí bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó di àmọ́dún, nígbà tí ìdánwò á ti kàn án mọ́ ògiri.

Akíntúndé ní tirẹ̀ kò mọ ohun tó wà lórí pẹpẹ. Ohun tó wà lára ògiri ló ń wò. Ẹ̀rọ iná àdúgbò wọn ti jó láti oṣù kejì, fóònù rẹ̀ sì ń kú ní ìgbà mẹ́ta lójúmọ́. Ilé ìkàwé ní iná sólà. Ó ní fáànù. Ihò iná mẹ́fà wà lára ògiri rẹ̀, ẹni tó bá ní káàdì nìkan ló lè ki ṣájà bọ̀ ọ́.

* * *

Lọ́jọ́rú, lẹ́yìn tí iléèwé jáde, Fádùnní dúró dè é lẹ́nu géètì. Ó gbé ìwé náà fún un. Lára kàlẹ́ńdà funfun tó bò ó ni tíṣà ti fi bírò pupa kọ ọ́ gàdàgbà pé: ÀRẸ̀MỌ TÓ SỌ ADÉ NÙ.

"Mo ti kà á tán," ni Fádùnní wí. "Tètè ṣí i o, Akín. Kì í ṣe bí o ṣe ń rò ó ló rí."

"Ìwọ lo ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣí ìwé? Bí èmi bá ti kọjá níwájú ìwé, ṣe ló ń ṣí ara rẹ̀."

"Ó dáa. Kó máa ṣí ara rẹ̀ nígbà náà."

Bàbá rẹ̀ gbé ọ̀kadà dé. Fádùnní gbé àpò ńlá kan tó kún fún èèpo ẹ̀gẹ́ lé e láàárín, èyí tó lọ tọrọ lọ́wọ́ àwọn tó ń din gàrí. Akíntúndé kò bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi èèpo ṣe. Kò sí nínú ìwà rẹ̀ láti béèrè ohun tó bá lè fi irọ́ dí.

Ìwé náà kò sì wà lásán nílé o. Ó ṣiṣẹ́. Akíntúndé gbé e dúró lórí tábìlì, ó fi fóònù tì í, ó sì wo àwọn aláwàdà títí fóònù fi kú. Ó mú fóònù lọ gba iná lọ́dọ̀ onígẹ̀rígẹ̀rí tó ń fi jẹnẹrétọ̀ gẹ irun, ó padà wá, ó tún fi fóònù ti ìwé. Ní Ọjọ́bọ̀, ìyá àgbà rẹ̀ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń wò ó.

"Akíntúndé."

"Ìyá."

"Ìwé tó o fi gbé fóònù ró yẹn, ṣé ohun tí tíṣà yín ní kí o fi ṣe nìyẹn?"

"Mo ti kà á tán, Ìyá."

"Mi ò rí ọ kí o ṣí i."

"Ìyá, ìwé ayé òde òní, ìta ni a ti ń kà á."

Ìyá àgbà pòṣé, ó ní ẹnu òfìfo kì í dún nàmùnàmù, ó bá ti ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà gún Akíntúndé díẹ̀. Ó rántí ohun tí Fádùnní wí. Ó na ọwọ́ sí ìwé, àtàǹpàkò rẹ̀ tiẹ̀ ti wọ abẹ́ èèpo rẹ̀. Bó bá ṣí i nígbà yẹn, ìtàn yìí ì bá parí síbẹ̀, èmi náà ì bá ti lọ jẹun. Ṣùgbọ́n Jóṣúà súfèé lóde. Bọ́ọ̀lù ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Akíntúndé wo àkọlé pupa náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Kí ló tún lè wà níbẹ̀? Àrẹ̀mọ kan wà, ó ní adé, adé sọ nù, wọ́n wá a, wọ́n rí i. Ọmọ ọwọ́ gan-an lè fi ẹnu tó ń mu ọmú sọ ọ́. Ó yọ àtàǹpàkò, ó sáré jáde.

* * *

Nígbà tó fi máa di aago méjì Jímọ̀, Akíntúndé ti débẹ̀ ṣáájú gbogbo ènìyàn. Bàbá arúgbó mẹ́ta jókòó, wọ́n ń ka ìwé ìròyìn. Ó kí wọn, ó kí Àǹtí Bernice, ó lọ tààrà síbi ògiri, ó ki ṣájà bọ iná.

"Ta ló fún ọ láyè?" ni Àǹtí Bernice bi í láti ìdí tábìlì rẹ̀.

"Ẹ má jẹ́ kó dùn yín, mà. Ẹ kàn máa kọ orúkọ mi sórí káàdì lọ, kí gègé yín má baà gbẹ. Ìwé inú ilé yìí gan-an mọ̀ mí. Ẹ ò rí i pé wọ́n dìde fún mi nígbà tí mo wọlé?"

"Ìwé ni kò ní dìde, ìwọ ni o máa dìde níbẹ̀ láìpẹ́," ni obìnrin náà wí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín fẹ́ mú un. "Fi í síbẹ̀ títí a ó fi gbọ́ ohun tí o kà."

Tíṣà Adébóyè wọlé, Fádùnní tẹ̀lé e. Tíṣà jókòó, ó gbé ìwé tí Akíntúndé dá padà lé orí tábìlì níwájú Àǹtí Bernice. "Ta ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀?"

"Èmi ni, sà!" Akíntúndé ti dìde. "Ẹnì kan ò lè sọ ọ́ ṣáájú mi kó tún wá fún èmi ní àjẹkù."

Fádùnní sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Akín, jọ̀ọ́. Bẹ tíṣà kí wọ́n jẹ́ kí o ṣí ojú ewé kan péré. Mi ò fẹ́ gba káàdì lọ́nà báyìí."

"Ìlara," ni Akíntúndé dá a lóhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó wá gbé àyà síwájú.

Ẹ ò bá ti gbọ́ o! Ó ní àrẹ̀mọ kan wà tó ga tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé àwọsánmà ló fi ń nu ojú. Ó ní adé rẹ̀ wúwo tó ogójì àpò sìmẹ́ńtì. Ó ní lọ́jọ́ kan, àrẹ̀mọ lọ wẹ̀ níbi omi tó ń já láti orí òkè ní Òkè-Ìlá, omi gba adé, ẹja gbé adé mì, erin gbé ẹja mì, erin náà sì wọkọ̀ lọ sí Ìgbájọ. Ó ní nígbà tí òun kà á débẹ̀, òun sunkún débi pé ìyá àgbà òun gbé kòròbà sábẹ́ àgbọ̀n òun, wọ́n sì fi omijé náà se ẹ̀wà. Àwọn bàbá mẹ́ta ti gbé ìwé ìròyìn sílẹ̀. Ọ̀kan ní, "Erin san owó ọkọ̀?" Akíntúndé ní, "Wọ́n gba ti ènìyàn mẹ́rin lọ́wọ́ rẹ̀, bàbá."

Tíṣà Adébóyè kò rẹ́rìn-ín. Ó mi orí jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn.

"Ó dára. Kí ni àrẹ̀mọ náà ń jẹ?"

"Iyán, sà. Pẹ̀lú ẹran ìgalà."

"Kò jẹ èèpo ẹ̀gẹ́?"

Akíntúndé dúró díẹ̀. Ṣùgbọ́n òpùrọ́ tó bá dúró pẹ́ ti ṣubú. "Ó jẹ ẹ́, sà! Nígbà tí ìyà dé. Ìyẹn wà lápá ìsàlẹ̀."

"O kà á dáadáa. Abẹ́rẹ́ aràn ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ní kí wọ́n máa gún un lọ́dún?"

"Ẹ̀ẹ̀... ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, sà. Nítorí ipò rẹ̀."

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni lóòótọ́. Ìwo rẹ̀ ńkọ́?"

"Ìwo, sà?"

"Ìwo orí rẹ̀ méjèèjì."

Òógùn ti ń sọ̀ kalẹ̀ létí Akíntúndé, bẹ́ẹ̀ fáànù ń fẹ́ sí i lójú. "Adé náà ló ní ìwo, sà. Adé ayé àtijọ́ ni."

"Oyún oṣù mélòó ni àrẹ̀mọ náà ní kó tó bímọ?"

Akíntúndé la ẹnu. Ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i nìyí tí nǹkan kan kò jáde níbẹ̀. Àǹtí Bernice na ọwọ́, ó rọra bọ́ kàlẹ́ńdà lára ìwé náà, bí ẹni ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Òbúkọ kan tó ní irùngbọ̀n ló ń wo gbogbo wọn láti ẹ̀yìn ìwé. Ohun tí wọ́n tẹ̀ sórí rẹ̀ ni: ÌTỌ́JÚ EWÚRẸ́ FÚN ÀGBẸ̀ KÉKERÉ.

Bàbá kan rẹ́rìn-ín títí awò ojú rẹ̀ fi bọ́ sílẹ̀.

"Ìwé àrẹ̀mọ, mo ti dá a padà láti Sátidé," ni tíṣà wí. "Ẹ̀wù rẹ̀ ni mo fi wọ èyí. Kàlẹ́ńdà ṣì dára, kí ni mo fẹ́ ya á sí? Mo gbàgbé láti fa ìlà lé àkọlé àtijọ́, àṣìṣe tèmi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣí ojú ewé kìíní, ewúrẹ́ á kí i káàárọ̀. Fádùnní, ìwọ ńkọ́?"

Fádùnní kúnlẹ̀ díẹ̀ kó tó dìde sọ̀rọ̀. Kò sí erin nínú tirẹ̀. "Èmi náà rò pé ìtàn àrẹ̀mọ ni, sà. Nígbà tí mo ṣí i tí mo rí ewúrẹ́, inú mi kọ́kọ́ bàjẹ́. Mo ní kí n ṣáà kà á. Wọ́n ní oyún ewúrẹ́, oṣù márùn-ún ni. Wọ́n ní èèpo ẹ̀gẹ́ tútù lè pa á, pé kí wọ́n sá a kó gbẹ dáadáa nínú oòrùn kí wọ́n tó fún un. Sà, ewúrẹ́ mẹ́ta ló wú nínú tó sì kú mọ́ ìyá mi lọ́wọ́ lọ́dún tó kọjá, a ní ayé ló ń ṣe wá. Tútù la máa ń da èèpo fún wọn. Ní alẹ́ ọjọ́ Ajé tí mo kà á fún ìyá mi, wọ́n dìde nídìí oúnjẹ, wọ́n lọ kó èyí tó wà lẹ́nu ewúrẹ́ kúrò. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun la ti ń sá a lórí àpáta. Èyí tó lóyún ṣì wà láàyè, sà."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Bàbá tí awò ojú rẹ̀ bọ́ ní, "Ewúrẹ́ tèmi náà, èmi náà, tútù..." kò parí rẹ̀. Àǹtí Bernice fa káàdì jáde, ó kọ orúkọ Fádùnní sí i, ó lu òǹtẹ̀ lé e. Gbà!

Tíṣà wá kọjú sí Akíntúndé. "Ọmọ mi, aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá, èèpo ìwé kì í sì í ṣe ìwé. Ẹnu rẹ dùn, mi ò lè sẹ́ ẹ. Bí o bá kà á ni, ta ni ì bá lè bá ọ du káàdì yìí? Ọjọ́ méjì ni ìwé yìí fi wà lọ́wọ́ rẹ tó o fi dá ẹlòmíràn dúró. Ìmọ̀ wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, o ò tiẹ̀ ná ohun kan ṣoṣo tó ń béèrè, pé kí o ṣí i. Kí lo rí sọ?"

Ó yẹ kí Akíntúndé tọrọ àforíjì. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó la ẹnu láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ahọ́n tó ti mọ ọ̀nà kan kì í tètè yà. "Sà," ló bá jáde, "ewúrẹ́ yẹn gan-an... òun ni àrẹ̀mọ. Wọ́n fi ọfọ̀ sọ ọ́ di ewúrẹ́ ni."

"Ojú ewé wo?" ni Àǹtí Bernice bi í, ó sì ti ṣí ìwé náà sílẹ̀ gbayawu.

Akíntúndé wo ìwé, ó wo òbúkọ, ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó bẹ́ jáde bí ẹni tí oyin lé, bàtà rẹ̀ kan kù sẹ́nu ọ̀nà, eruku tó dá sílẹ̀ ga ju òrùlé lọ.

Fádùnní dìde láti sáré tẹ̀lé e. "Tíṣà, fóònù rẹ̀! Fóònù rẹ̀ ṣì wà lára iná!"

"Fi í sílẹ̀ kó kún," ni Tíṣà Adébóyè wí. Ó gbé ìwé ewúrẹ́ náà, ó tẹ́ ẹ lé fóònù lórí, ó sì ká kàlẹ́ńdà rẹ̀ sápò. "Bernice, bó bá dé, kó ka ojú ewé mẹ́ta fún yín kó tó gba fóònù."

Wọ́n ní ó ti kọjá Òkè-Ìlá kó tó rántí fóònù rẹ̀.